Ìwé Tó Wà Nínú Ìwé Orin Ìyá Àbíyè

Bí ènìyàn bá dé Agbowó tó ń béèrè Fọláwùmí, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Àbíyè lòún ń wá, ọlọ́kadà tó dé àdúgbò lánàá pàápàá á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ni ilé àbíyè náà wà, yàrá méjì tí wọ́n kùn ní búlúù, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, àti bàsíà ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Fọláwùmí ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Kí n má parọ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré fún ọdún mẹ́rin ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Dùgbẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè ka ìwé tí dókítà fi ọwọ́ wúruwùru kọ. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn pé ó mọ̀wé kà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹnu nìkan ni àléébù rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí àwọn obìnrin ìjọ bá pé jọ, á sọ ọ́ tán, á tún gèlè rẹ̀ wé: "Ẹni tí mo bá gbẹ̀bí rẹ̀ kì í tún dé ọsibítù." Wọ́n á ní àmín. Ó ti sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi di ẹrù sí i lórí, kò sì sí bó ṣe fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Gbádérọ̀, tó ń ṣe fọ́tòkópì lójú títì tó kọjú sí yunifásítì. Níbẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá ti bá a pàdé nígbà tó wá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Ọmọ Ìgbòho ni Sẹ̀gilọlá, ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó fẹ́ Gbádérọ̀, ó wọ sùtánà funfun, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiwa, kò sì ráhùn. Gbogbo ìjọ ń pe Fọláwùmí ní Ìyá Àbíyè, Sẹ̀gilọlá nìkan ló ń pè é ní Màámi. Inú Fọláwùmí máa ń dùn sí i, torí Gbádérọ̀ fúnra rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Ìyá mi" ni tirẹ̀.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá lóyún àkọ́kọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ aboyún Agbowó ń ṣe lòun náà ṣe. Ó forúkọ sílẹ̀ níbi méjì: ilé ìwòsàn ìjọba fún káàdì àti àyẹ̀wò, ilé àbíyè fún àdúrà àti ìbímọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kó bímọ, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi ìwé kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó fún ẹni tó máa gbẹ̀bí rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kò kà á. Ó kó o pọ̀ mọ́ káàdì, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ta ni ì bá tún kó o fún?

Fọláwùmí kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí jẹ́ O nẹ́gétíìfù. Pé bó bá ti bímọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Pé bí ti ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, kí ìyá gba abẹ́rẹ́ kan kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Nọ́ọ̀sì náà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Jésùlọlá wáyé. Ó ké, ó mu ọyàn, ìyá rẹ̀ jẹ ẹ̀kọ méjì, ó sùn. Àwọn obìnrin ìjọ kún inú yàrá, wọ́n ń jó, ẹnì kan tilẹ̀ tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, "Ẹni tí Ìyá Àbíyè bá gbẹ̀bí rẹ̀ kì í dé ọsibítù," gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ìwé náà wà nínú àpò sùtánà Fọláwùmí. Ó bi ara rẹ̀ pé irú abẹ́rẹ́ wo ni ìyá tó ti bímọ láyọ̀ tún ń lọ gbà. Bí òun bá mú ìyàwó ọmọ òun lọ sí ọsibítù lọ́la, kí ni wọ́n á sọ? Ó ní òun á sọ fún Gbádérọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì, obìnrin kan rọbí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ kẹrin ó yọ ìwé náà jáde, ó wo ìlà pupa yẹn, ó ní ọjọ́ ti kọjá, kí la tún fẹ́ sọ? Ó fi í sáàárín ìwé orin rẹ̀, ó pa á dé.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣe ìyá tàbí ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn, bóyá ì bá kọ́gbọ́n. Jésùlọlá rá, ó rìn, ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, Fọláwùmí sì gbàgbé ìwé náà. Nígbà tí oyún kejì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Sẹ̀gilọlá ní òun fẹ́ lọ gba káàdì. Fọláwùmí ló dáhùn pé, "O ṣe ti àkọ́kọ́ láyọ̀, kí lo tún ń lọ tò fún lóòrùn?" Sẹ̀gilọlá ní, "Ẹ ṣé, Màámi," kò sì lọ.

Jésùtóbi ni wọ́n sọ ọmọ náà kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ rárá, torí kò pé e. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìbépe tó pọ́n. Fọláwùmí gbé e sóòrùn àárọ̀, ó fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́, ó ní ibà pọ́njú ni, ó máa lọ. Lọ́jọ́ kejì ọmọ kò fẹ́ mu ọyàn mọ́. Gbádérọ̀ ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn ọ̀la là ná. Oòrùn ọ̀la là. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ ti kú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà ní tiwa yìí o, òun gan-an ló gbé ọmọ dání.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni n kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, ìtàn yìí ò pé. Wòlíì Ọmọ́níyì, aríran ìjọ, ní wọ́n fi hàn òun pé ẹnì kan nínú ilé náà ní ohun tó fi pamọ́. Kò dárúkọ. Nínú ìjọ yẹn, bí irú ìran bẹ́ẹ̀ bá jáde, ẹni tọ́rọ̀ kàn á kúnlẹ̀ lórí ṣìmẹ́ńtì níwájú pẹpẹ, abẹ́là lọ́wọ́, wọ́n á bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ló fi pamọ́. Kò sẹ́ni tó ronú kan Ìyá Àbíyè. Sẹ̀gilọlá, ọmọ Onítẹ̀bọmi tó wá láti òkè ọ̀hún, tí ọmú rẹ̀ ṣì ń ṣe wàrà fún ọmọ tó ti kú, ni wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀.

Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kíní, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sunkún títí, ó wá wá nǹkan sọ, torí ó rí i pé wọn ò ní jẹ́ kí òun dìde láìsọ nǹkan: ó ní nígbà tí òun ń kàwé, kí òun tó mọ Gbádérọ̀, òun ní ọ̀rẹ́kùnrin kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ìsìn tó parí, ẹnu ti ràn án. Ọ̀rẹ́kùnrin ti di oyún, oyún ti di èyí tó ṣẹ́. Fọláwùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ìwé orin lọ́wọ́. Wọ́n ní kó dá orin ìrònúpìwàdà, ó ṣí ìwé, ìwé kékeré tó ní ìlà pupa yọ sí i lójú. Ó yí ojú ewé náà kọjá, ó sì dá orin.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni Sẹ̀gilọlá ń jókòó sí. Kò dẹ́kun àtimáa pe Fọláwùmí ní Màámi.

Oyún kẹta yìí ni Gbádérọ̀ kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó ti di oṣù keje kí owó tó jọ, ṣùgbọ́n ó jọ, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Fọláwùmí ní òun á bá wọn lọ. Bí ẹ bá bi í nídìí tó fi tẹ̀ lé wọn, kò ní lè sọ. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa rí ló ń bà á, ó sì sàn kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i.

Obìnrin ni dókítà náà, Akínsànyà lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́, ó ń mu kóòkì tútù nídìí tábìlì láìfi ara pamọ́. Ó ti wo èsì ẹ̀jẹ̀, ó ti fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú.

Ó bi Sẹ̀gilọlá pé, "Ṣé ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ sára rí? Ṣé oyún ti bàjẹ́ lára yín rí, tàbí ẹ ti ṣẹ́ ẹ rí?"

Sẹ̀gilọlá wolẹ̀. "Rárá, mà," ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé irọ́ lòún ń pa. Gbádérọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ó tètè gbé ojú kúrò. Fọláwùmí rí ìwò yẹn. Ó lé ní ọdún méjì tí ìwò yẹn ti wà nínú ilé náà, òun ló sì fi síbẹ̀.

Dókítà ní, "Mo bi yín torí pé ẹ̀jẹ̀ yín ti mọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín bí ọ̀tá. Màmá, ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ gbọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, oríṣi wọn pọ̀. Àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn là ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ṣe ohun ìjà tó bá àlejò kọ̀ọ̀kan mu, bí télọ̀ ṣe ń wọn ẹni tó fẹ́ ránṣọ fún. Bí èéyi bá wọlé, ti èéyi ni wọ́n máa ṣe, kò ní ṣiṣẹ́ fún nǹkan mìíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ wọn, torí wọn ò mọ àlejò náà rí. Ṣùgbọ́n bí ogun bá tán, àwọn kan nínú wọn ń ṣẹ́kù, àwọn yẹn kì í gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí àjẹsára tí wọ́n gún fún ọmọ ìkókó ṣe ń ṣọ́ ọ dàgbà."

Fọláwùmí ní, "Ṣebí oore nìyẹn."

"Oore ńlá ni, mà. Àmọ́ wọn ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọ. Àmì kan wà lára ẹ̀jẹ̀ bàbá tí kò sí lára ti ìyá, ọmọ sì gbé ti bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ máa ń ta díẹ̀ sínú ti ìyá. Sẹ́ẹ̀lì B rí àmì yẹn, wọ́n ní àlejò dé. Kí wọ́n tó múra tán, àkọ́bí ti jáde, ìyẹn ló fi yè. Èkejì ló wá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọn ò tún fi àkókò ṣòfò. Ohun ìjà wọn ń gba inú olóbi kọjá, ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Èyí tó fọ́ yẹn ló ń sọ ojú ọmọ di pípọ́n, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ."

Gbádérọ̀ sún síwájú lórí àga. "Dókítà, ṣé ó ní láti jẹ́ pé oyún mìíràn ti wà kí àkọ́bí wa tó dé?"

"Rárá o. Àkọ́bí nìkan tó fún un. Ìyàwó yín ò ṣe nǹkan kan. Ara rẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni."

Sẹ̀gilọlá bo ojú. Ó ń sunkún. Gbádérọ̀ fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń sọ pé kó má bínú, kó má bínú. Fọláwùmí jókòó sórí àga onírọ́bà, ojú ń tì í débi tí etí rẹ̀ fi ń gbóná.

Dókítà ń yí káàdì wò. "Ohun tí kò yé mi ni pé abẹ́rẹ́ kan wà fún èyí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bí àkọ́bí ló yẹ kí ẹ ti gbà á. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń kó ẹ̀jẹ̀ ọmọ nílẹ̀ kúrò lára ìyá kí sẹ́ẹ̀lì B tó fojú kàn án. Wọn ò fún yín ní ìwé kankan ni?"

"Wọ́n fún mi ní àwọn ìwé," Sẹ̀gilọlá ní. "Mi ò rántí gbogbo ẹ̀, mà. Mo kó wọn fún Màámi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí i. Ẹ wò ó, ibi tí ènìyàn ti lè rí àyè sọ òótọ́ nìyẹn, ojú ènìyàn mẹ́ta péré, fáànù ń yí lókè. Fọláwùmí ní, "Mi ò rí ìwé kankan o." Ó tilẹ̀ fi "o" sí i.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, "Ṣé a ò lè gún abẹ́rẹ́ náà fún un nísinsìnyí?"

"Ó ti bọ́, mà. Kí wọ́n má baà rí i ni abẹ́rẹ́ yẹn wà fún. Àwọn wọ̀nyí ti rí i."

Ó wá ṣàlàyé ohun tó kù. Wọ́n á máa ṣọ́ ọmọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, wọ́n á gbẹ̀bí rẹ̀ ṣáájú àkókò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jáde kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, O nẹ́gétíìfù ni wọ́n sì máa lò, kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ó ní kí wọ́n lọ wá ènìyàn púpọ̀ wá kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí wọ́n bá rí mẹ́ta tó bá a mu, kí wọ́n dúpẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá sí nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan.

Wọ́n wọ tákísì padà. Láti Dùgbẹ̀, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú wọn mọ́lẹ̀, Sẹ̀gilọlá sì sùn lọ, ó gbé orí lé èjìká ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sùn bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Fọláwùmí kò mira títí wọ́n fi dé Agbowó, apá rẹ̀ kú, ó gbà pé ó tọ́ sí òun.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Gbádérọ̀ bẹ Alágbà, Alágbà sì kéde rẹ̀ nínú máíkì: ìyàwó arákùnrin wa nílò ẹ̀jẹ̀, kí àwọn tó bá fẹ́ ṣàánú wá forúkọ sílẹ̀. Ìjọ náà lé ní irínwó ènìyàn. Ẹni méjì péré ló wá, àbúrò Gbádérọ̀ níhà bàbá sì ni ọ̀kan. Fọláwùmí lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti bu omi, ó sì gbọ́ ohùn Ìyá Dàmọ́lá, olórí ẹgbẹ́ akọrin, láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò jẹ́wọ́ tán ló ń bá a jà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ló fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ ni? N ò lọ́wọ́ sí i o, kó má lọ ràn mí."

"Ọmọ náà ló ń ṣe mí láàánú," ni ẹlòmíràn wí.

"Kí ìyá ẹ̀ ṣàánú ẹ̀ ná."

Fọláwùmí gbé korobá lọ láìbu omi. Ó dé yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé náà ṣì wà nínú ìwé orin, ó ti pọ́n létí, ṣùgbọ́n ìlà pupa yẹn ṣì mọ́ rekete. Ó gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí ẹni tójú ń tì máa ń gbìyànjú. Ó ní òun á lọ bá Alágbà níkọ̀kọ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ sọ fún Gbádérọ̀. Ó ní bóyá òun á bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun sọ pé nítorí òun ni kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ó mọ ìjọ rẹ̀. Ojú gbogbo wọn ni wọ́n ti ba Sẹ̀gilọlá jẹ́, kò sí bí ènìyàn ṣe lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ á fi wá. Ó tún rántí ohun tí dókítà wí nípa àwọn tí kì í gbàgbé. Ó ní òun gbàgbé, àbí òun díbọ́n pé òun gbàgbé? Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò lè jẹun tán lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí àkókò ẹ̀rí dé lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ó dìde láàárín àwọn ìyá. Àwọn ènìyàn ti ń múra àtijó, torí ẹ̀rí Ìyá Àbíyè máa ń dùn. Kò gba máíkì. Ó lọ síwájú pẹpẹ, ó tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ṣìmẹ́ńtì gan-an níbi tí Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ sí.

Alágbà ní, "Ìyá Àbíyè, ṣé ẹ̀rí ni?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, sà."

Ó yọ ìwé náà jáde nínú ìwé orin rẹ̀. Ó ní, "Wòlíì ríran lọ́jọ́sí pé ẹnì kan nílé mi fi nǹkan pamọ́. Èmi ni. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n kọ ìwé yìí láti ilé ìwòsàn pé kí ìyàwó ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ìwé náà dé ọwọ́ mi. Mo kà á, ó yé mi. Nítorí mo ti ń fọ́nnu fún yín pé ẹni tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ kì í dé ọsibítù, mo fi í pamọ́ sínú ìwé orin. Àìgba abẹ́rẹ́ yẹn ló pa Jésùtóbi. Kò sí oyún kankan tí Sẹ̀gilọlá ṣẹ́. Nígbà tó kúnlẹ̀ síbí tó ń sunkún, ìwé yìí wà lọ́wọ́ mi, mo sì dá orin lé e lórí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, dókítà bi mí lójúkojú, mo tún parọ́." Ó na ìwé náà sí wọn. "Ẹ má wo tèmi. Ẹ fún ọmọ náà lẹ́jẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ní àmín. Ojú tì í débi tó fi rò pé ilẹ̀ á lanu. Àwọn kan rò pé ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹni tó kúnlẹ̀ lórí ṣìmẹ́ńtì níwájú irínwó ènìyàn kì í rí ikú tí yóò yá.

Ó wá gbọ́ ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn. Sẹ̀gilọlá ni, ó ń bọ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó rọra ń rìn. Gbogbo ènìyàn ń retí pé á gbé ìyá ọkọ rẹ̀ dìde. Fọláwùmí pàápàá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Sẹ̀gilọlá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun tí wọ́n kọ ọ́ nítorí rẹ̀ kò tíì kà á rí. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó padà lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ló kún ilé ìwòsàn ní Ring Road, nọ́ọ̀sì ní kí ni ìwọ́de yìí. Wòlíì Ọmọ́níyì ló ṣáájú wọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá a mu, ṣùgbọ́n ó lọ. Ẹni mẹ́ta ló bá a mu. Ìyá Dàmọ́lá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, ó ká ọwọ́ sùtánà rẹ̀ sókè.

Wọ́n bí Ìṣọ́raolúwa lọ́jọ́ tí dókítà dá. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù, wọ́n bò ó lójú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ti ará ìjọ rọ́pò. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Gbádérọ̀ kò tíì bá ìyá rẹ̀ sọ ju ìkíni lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bo orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó kó wọn sórí tábìlì ilé àbíyè. Aboyún tó bá wọlé báyìí, Fọláwùmí á kọ́kọ́ fún un ní ọ̀kan, á kà á sí i létí, á béèrè irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn nẹ́gétíìfù, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn lọ sí ọsibítù.

Nílé wa, ìyá ọkọ ló sábà máa ń wẹ ọmọ tuntun, kò sì sí ọwọ́ tó mọ ọmọ wẹ̀ bíi ti Fọláwùmí ní gbogbo Agbowó. Ó ti ra kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Sẹ̀gilọlá ti dé láti Ìgbòho, àwọn méjèèjì ló sì wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀. Fọláwùmí jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń ta sínú bàsíà. Ó fi etí mọ̀ pé wọn ò di ọmọ náà lọ́rùn mú bó ṣe yẹ, torí ẹkún rẹ̀ yàtọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

Ìyá Sẹ̀gilọlá ké láti inú pé àwọn ò mú táwẹ́lì wọlé. Fọláwùmí dìde kíá, ó mú un lórí àga, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Sẹ̀gilọlá na ọwọ́ tó lómi jáde láti gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Àbíyè," ó wí.

Fọláwùmí ní kò tọ́pẹ́. Ó padà lọ jókòó.